Ìgò Kẹrin

Òtútù oṣù keje ń bù wá jẹ níhìn-ín.
Mo gbé ọkọ̀ ìgbìmọ̀ ẹkùn sẹ́bàá afárá,
mo wọ bàtà rọ́bà tó gùn dé itan,
mo ka ìgò mi lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì:
ọ̀kan fún òkè odò, níbi tí omi ò tíì mọ ẹnì kan,
ọ̀kan fún ẹnu páìpù ilé-iṣẹ́ wàrà,
ọ̀kan fún igba mítà sísàlẹ̀,
bí ìwé àṣẹ ti là á sílẹ̀.
Ìgò kẹrin ò sí nínú ìwé kankan.
Ti Te Paea ni, ìyá tó bí ìyá mi.

Níbi tí odò ti ká orúnkún lábẹ́ igi kahikatea,
òun ló fà mí lọ́wọ́ débẹ̀, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà.
Ó ti ọwọ́ bọmi dé ìgbọ̀nwọ́, kò sọ̀rọ̀,
títí ẹja gígùn kan, dúdú bíi táyà,
fi wá fi imú kan ìka rẹ̀.
Túnà là ń pè é. Ó ní, "Eléyìí dàgbà jù mí lọ.
Kí i."
Mo kí i.

Ọ̀gbẹ́ni Scobie, ọ̀gá ilé-iṣẹ́, kì í ṣe ènìyàn búburú.
Ó máa ń po tíì fún mi, ó máa ń béèrè orúnkún tó ń dùn mí.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú la fi ń kọ̀wé sí i pé à ń bọ̀.
Ilé tó bá mọ ọjọ́ àlejò, ṣé kò ní gbálẹ̀?
Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi bu omi tí wọ́n ti gbá mọ́.

Lálẹ́ Ọjọ́rú, mi ò kọ̀wé sẹ́nì kan.
Òórùn wàrà kíkan ló kọ́kọ́ pàdé mi,
lẹ́yìn náà ìfófó, funfun, ó ń yí po bí ẹni ń wá ọ̀nà àbájáde.
Mo ki ẹ̀rọ bọ omi. Afẹ́fẹ́ inú omi, tó yẹ kó jẹ́ mẹ́jọ,
jẹ́ mẹ́ta lé díẹ̀.
Mo nu ẹ̀rọ, mo tún un kì bọ̀ ọ́.
Mẹ́ta lé díẹ̀.

Wọ́n ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.
Ta ló ń di fáàfù mú lóru Ọjọ́rú?
Tamahou, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi,
ẹni tí Te Paea fi ọwọ́ kejì fà lọ́jọ́ ọjọ́un.

Ó pè mí láàárọ̀. "Mo rí iná lẹ́bàá odò."
Mo ní, "Èmi ni."
Ó dákẹ́ títí. Mo ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn.
"Ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ni mo ṣe, Ngāhuia."
"Mo mọ̀."

Ní yàrá ìpàdé ìgbìmọ̀: ènìyàn mọ́kànlá, bisikíìtì,
ìròyìn olójú ewé méjìlélọ́gọ́ta.
Lójú ewé ogójì, wọ́n kọ ọ́ pé
ipa rẹ̀ kéré ju kékeré lọ.
Òfin ló ni gbólóhùn náà, kì í ṣe ẹ̀rín.
Mo ń wá ohun tó lè kéré ju kékeré lọ,
mo rí ihò imú ẹja kan nínú ẹrẹ̀.

Wọ́n ní ṣé a ò lè kọ mẹ́ta lé díẹ̀ ní mẹ́rin,
ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣáà ṣẹlẹ̀.
Mo kọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Mo kọ wákàtí.
Níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tó bu omi, mo kọ
Ngāhuia Paretene.
Akọ̀wé wo orúkọ bàbá mi, ó ṣí ìwé òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́,
ó gbójú sókè.
Mi ò gbójú sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni òní. Àwọn ọmọ Tamahou wá;
bàbá wọn jókòó sínú ọkọ̀ níta, kò pa á.
Èyí àbúrò ṣí fìríìjì, ó ń wá wàrà,
ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ba ìgò kẹrin.
"Àǹtí, kí lèyí?"
Omi ni. Gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́.
Lọ pe bàbá rẹ wọlé, kó wá wọ bàtà rọ́bà.
Ẹnì kan wà tí a fẹ́ lọ kí,
bó bá ṣì ń bẹ.